Omi Àlejò

Ọmọ Èkìtì ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ló gbé mi dé Òkìtìpupa. Lọ́dún kan, wọ́n ní kí èmi àti àwọn mélòó kan wo ètò tí ìlú fi ń ṣọ́ omi kànga, ká sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹ ó jókòó, ẹ ó mu ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ó ní gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ.

Ètò náà kò le. Wọ́n yan kànga kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kan a máa wá gba omi sínú ìgò, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a sì mú èsì padà wá fún onílé. Ọ̀kan nínú àwọn kànga náà wà lẹ́yìn ilé opó kan ní ọ̀nà Igbódìgò. Ilé epo wà lókè rẹ̀, táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti gbó. Gbogbo àdúgbò ló ń pariwo pé kànga náà ń rùn bíi kẹrosíìnì, àmọ́ èsì kan náà ló ń jáde ṣáá: omi yìí dára. Nítorí èsì yẹn, kò sẹ́ni tó lè ní kí onílé epo hú táǹkì rẹ̀.

Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ọ̀lẹ ni òṣìṣẹ́ náà, pé omi ilé ara rẹ̀ ló ń gbé lọ fún wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Mo ní kí èmi àti òṣìṣẹ́ náà jọ lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá opó náà, ó sì sọ ohun tí ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́ máa sọ: “Ẹ bá wa wá omi díẹ̀, Mà.” Màmá gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àga síta fún wa, ó ní àlejò kì í fa omi nílé òun. Nítorí mi, Yorùbá inú Bíbélì ló ń sọ, ó fi èdè Ìkálẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ìgbà tó ti ẹ̀yìn ilé dé, ìgò ti kún, ó ti nù ún gbẹ, omi inú rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Mo gbé e sí imú. Kò rùn. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀yìn ilé fẹ́ wá ló ń rùn. Mo dìde lọ síbẹ̀. Okùn kànga gbẹ. Àgbá omi òjò kan ló wà lábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀, aṣọ funfun ló fi bò ó, ife sì wà lórí rẹ̀, ó ṣì ń kán tótó.

Mo bi màmá pé inú èwo ló ti bu omi inú ìgò.

“Inú àgbá ni,” ó ní. “Omi àlejò nìyẹn. Ti kànga ń rùn, ọ̀gá. Báwo ni mo ṣe máa gbé e fún èèyàn?”

Mo bi í pé ta ló wá ń mu ti kànga. Ó ní àwọn onílé ni, àgbá kò lè tó gbogbo wọn. Ó ní ọkọ òun ò kọ́kọ́ fẹ́ mu ún, àfìgbà tí wọ́n mú èsì wá pé ó dára. Inú rírun ló gbé bàbá náà lọ, ilé ìwòsàn ò sì rídìí rẹ̀.

Mo rọra ṣàlàyé pé omi inú ìgò yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kànga dára. Inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń yé e kí n tó sọ tán. Ó jókòó sétí kànga.

“Ọ̀gá, ṣé èmi ni mo pa á?”

Mo ní rárá. Mo yára sọ ọ́ jù, ó sì hàn sí i.

Lọ́jọ́ náà, àwa fúnra wa fa omi kànga, wọ́n sì bá epo nínú rẹ̀. Wọ́n hú táǹkì, wọ́n dí kànga, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ omi sí àdúgbò náà. Bóyá epo yẹn ló pa bàbá, bóyá òun kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ. Àwọn èèyàn yìn wá. Oorun mi ò já geere mọ́ látìgbà náà.

Mo padà lọ kí màmá. Ó kúnlẹ̀ gbé omi tútù fún mi, mo mu ún tán. Kò gbójú kúrò lára mi títí mo fi gbé ife kalẹ̀, ó wá bi mí bóyá omi náà dára.

Mo ní ó dára, Mà.

Ó ní bí wọ́n ṣe sọ fún bàbá nìyẹn.