Oyin àti Iyọ̀ Tí Mo Gbé Lọ Bá Kóòṣì ní Sùúrùlérè

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi gbé igbá oyin àti iyọ̀ mi lé itan nínú mọ́tò Èkó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọyẹ́ bo ilẹ̀, mọ́tò náà ń rìn bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Náírà méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Àga tí wọ́n fún mi kò tó ti kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Ohun tó gbé mi lọ rèé. Làmídì, àbúrò mi, ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Sùúrùlérè, ṣùgbọ́n odidi ọdún méjì ni kóòṣì, ìyẹn olùkọ́ wọn, fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn wá ní àwọn ń fẹ́ ẹ. Làmídì sáré fọwọ́ síwèé tiwọn láì dágbére fún ọ̀gá, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ni ọ̀gá bá kọ̀, kò buwọ́ lu ìwé ìdásílẹ̀. Bó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ láìsí ìwé yẹn, Làmídì kò ní í gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó, kò ní í gbá a ní Ìbàdàn, fún ọdún kan gbáko.

Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ pé òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà fún àwọn télọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba ìdásílẹ̀ kí n má sí níbẹ̀, oyin àti iyọ̀ la sì fi ń ṣàdúrà. Mi ò tíì rí ọ̀gá tó kọ oyin.

Oòrùn ti rọjú kí n tó sọ̀ ní Yábàá. Èéfín ẹja ń ti Mákòókò bọ̀ jẹ́jẹ́, ó pò mọ́ ọyẹ́, àwọn èèyàn sì ń yọ nínú rẹ̀ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Nílé wa, bí o bá kí èèyàn, á dúró. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ kí ẹnu rẹ̀ tó dáhùn. Mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà àgànyìn, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi gbàgbé pé òun ní èèpo, kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Mo wọ takisí kọjá pápá ìṣeré ńlá. Ó léfòó nínú ọyẹ́ bí igbá lójú omi.

Mo bá kóòṣì nínú yàrá rẹ̀, níbi tó ti ń di bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lókùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n Làmídì ni mí.

Ó ní, “Ẹ dìde, Àǹtí. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ní o ṣé.”

Ó ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ òun títí di ọjọ́ Ajé, àmọ́ kò wu òun láti tẹ nǹkan kan mọ́.

Mo tẹ́ ìborùn mi sílẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń gba ìdásílẹ̀ lónìí.”

Àgbà ọkùnrin kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí gbogbo ọmọ tó kọ́, pàápàá èyí tó fi sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, “Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ó di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti mọyì yín.” Ó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó nu ojú, ó buwọ́ lu ìwé ìdásílẹ̀ Làmídì, ó sì tẹ òǹtẹ̀ náà lé e gbàmù.

Mo sùn ní Pápá Àjàó sọ́dọ̀ ìyá kan tá a jọ ń tajà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mò ń padà lọ́jọ́ kejì, oorun ni mo sùn nínú mọ́tò. Mo rí Làmídì lójú àlá, ó ń fò bí lékeléke níwájú ilé bọ́ọ̀lù, kò sì sí bẹ́ǹṣì kankan níbẹ̀. Ní Ìbàdàn mo jí, Làmídì fúnra rẹ̀ ti ń dúró dè mí ní gáréèjì, mo fún un níwèé rẹ̀. Ó jó yí mọ́tò wa ká, dírẹ́bà sì ní kó wá san owó ijó.

Ilẹ̀ ṣú kí n tó délé. Ọkọ mi wà nídìí rédíò. Ó ní kí n jókòó ná kó tó sọ ọ́: ẹgbẹ́ tí Làmídì ń lọ ti gba kóòṣì tuntun, láti Sùúrùlérè. Ó dárúkọ rẹ̀.

Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi kíákíá. Ohun tí ìrìn àjò náà wá kọ́ mi ni pé bí a bá ń ṣàdúrà fún ọ̀gá ẹni, ká dárúkọ ìlú. Ǹ bá ti pe Sókótó.