Bàbá Mi Ti Dé Nínú Gẹ̀ẹ́sì

Òórùn àlùbọ́sà ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìkòsí, láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi bá ti Sókótó dé. Dírẹ́bà lọ́rì ni wọ́n, àlùbọ́sà ni wọ́n ń kó wá sí Èkó. Òórùn náà a wà lára bùbá wọn, a wà lára ẹní. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju lọ́fíńdà lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, bàbá mi rìnrìn àjò, wọ́n ní ó di Jímọ̀ kí àwọn tó padà dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni tíṣà wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, kọ́ wa ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó da orí mi rú. Wọ́n ní kí a mú ọjọ́ tí kò tíì dé, kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tó ti parí. Mo wojú wọn bóyá wọ́n ń ṣàwàdà ni. Ìyá mi kì í jẹ́ kí èèyàn dárúkọ ọ̀la láìfi Ọlọ́run sí i. "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀," ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà tó kàn mí, mo dìde: "By Friday, my father will have come home, inṣa Allahu."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. "Yọ inṣa Allahu kúrò," ni tíṣà wí. "Ó ti dé ná, kí lo tún ń tọrọ?" Mo yọ ọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Jímọ̀ dé, bàbá mi ò dé. Sátidé, Sọ́ńdè, kò sí lọ́rì. Ìyá mi ń lọ wo ojú títì ṣáá. Lójú tèmi, Gẹ̀ẹ́sì ti lo dídé bàbá mi tán.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ bá tíṣà kí aago tó lù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n dá inṣa Allahu yẹn padà. Bàbá mi ò tíì dé." Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Ó dáa, sọ ọ́," ni wọ́n wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé, ní "Àmín."

Bàbá mi dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ ní ìtòsí Jẹ́bà.

Èmi náà kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń ṣàlàyé gbólóhùn yẹn láìkọsẹ̀, àwọn ọmọ a kọ ọ́, a ó sì kọjá sí òmíràn. Ẹnì kan ò bi mí rí pé tí ọjọ́ ọ̀hún bá wá dé, tí ẹni náà ò dé ńkọ́. Ọmọdé Ìkòsí yẹn mọ̀ pé kò yé òun. Èmi ti mọ̀ ọ́n kọ́ láìjẹ́ pé ó yé mi.