Ìlà Tó Lọ sí Géètì Ilé-Ìwé

Ọmọ mi kan ṣoṣo àti ọkọ rẹ̀ ti lo ọdún méjì ní Kánádà kí ọmọ wọn tó bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù. Ó ní, "Gíránmà, báwo ni àdúgbò yín ṣe rí?"

Àdúgbò yín. Mo gbọ́ ọ, mo gbé e mì. Ọmọ tí mo tọ́ láti ìgbà tó wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta títí ó fi pé ọdún mẹ́fà, nínú ilé yìí gan-an, ní Ìgándò. Ìyá rẹ̀ máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí pé ọ̀hún ní Erékùṣù ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, bàbá rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo ń mú un lọ sí ilé-ìwé. Ọkọ mi ti kú kí wọ́n tó bí i, mo sì ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọ yẹn ni iṣẹ́ mi, òun náà ni ẹnìkejì mi.

Mo ní, "Àdúgbò wa wà bó ṣe wà. Àbí o ti gbàgbé ni?"

"Díẹ̀ ni mo rántí."

Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ má dá a lóhùn jàre. Ẹ ti lo oògùn yín ṣá?"

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó, mi ò tan tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé mo máa ṣe ìwé kan fún ọmọ náà. Àwòrán orí fóònù kì í pẹ́ kọjá lọ. Ìwé ni mo fẹ́, èyí tó lè gbé sórí itan. Mo máa ya ọ̀nà tí àwa méjèèjì máa ń rìn láti ilé dé ilé-ìwé rẹ̀, mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo ra ìwé ńlá tó ní bébà líle, mo ra gúlúù, mo sì ṣa àkísà àǹkárá tí mo máa gé yí etí rẹ̀ ká.

Mo fi fóònù mi ya àwòrán bí ogójì lọ́jọ́ kìíní. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní Ìkọ̀tún kó bá mi tẹ̀ wọ́n jáde. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó wọ híjáábù, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wò wọ́n títí.

"Màmá, ẹ má bínú o. Kí lẹ fẹ́ kí n wò níbí?"

"Ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi ni."

"Mo rí títì, mo rí ṣọ́ọ̀bù, mo rí òrùlé. Ojú mi kàn ń rìn kiri ṣá, kò ríbi bà lé." Ó mú bírò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó kọjú ẹnu bírò náà sí agolo gúlúù kan. "Ẹ wo bírò yìí. Ṣé ojú yín ò ti débi agolo yẹn báyìí? Ìlà ló gbé e lọ. Ẹ máa wá ìlà: etí gọ́tà, fẹ́ǹsì, wáyà iná. Ẹ dúró níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá gbà pé kí ẹ lóṣòó, ẹ lóṣòó."

Mo lóṣòó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lóṣòó káàkiri Ìgándò, orúnkún mi ń ké. Mo ya gọ́tà tó gba iwájú ilé wa lọ tààrà. Mo ya àwọn pákó tí wọ́n tò sílẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Mo rí i pé wáyà orí òpó tí mi ò kà sí láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo wọn ló ń lọ síbì kan. Lọ́jọ́ kan, bíríkìlà kan tó ń mọ fẹ́ǹsì pè mí láti orí búlọ́ọ̀kù.

"Ìyá, kí lẹ ń wá nílẹ̀? Ṣé nǹkan yín jábọ́ ni?"

"Ìlà ni mo ń wá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìlà? Ìlà wà lọ́wọ́ mi níbí." Ó fa okùn tó fi ń wọn ògiri, ó fà á le láti èèkàn kan dé èkejì, ó sì dì í mú títí mo fi yà á tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni mo bá sọ̀rọ̀ lójúkojú lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ nítorí pé nígbà tí mo délé, tí mo fẹ́ gbàdúrà lórí oúnjẹ, ṣe ni ohùn mi há, ó dà bí ilẹ̀kùn tí wọn kì í sábà ṣí.

Nígbà tí mo padà dé Ìkọ̀tún, inú onífọ́tò náà dùn. "Màmá, ẹ ti mọ̀ ọ́n o!" Ó ń fi ìka tọ etí gọ́tà kan lórí àwòrán, ó tọ̀ ọ́ títí dé òpin, ìka rẹ̀ sì dúró. Ó mú òmíràn, ó tún tọ̀ ọ́ dé òpin. Lẹ́yìn èyí kẹrin, ó gbójú sókè wò mí.

"Ìlà gbé mi débí, mi ò bá ẹnì kankan. Gbogbo ẹ̀ náà ni. Ṣé kò séèyàn ní Ìgándò ni?"

Èèyàn kún Ìgándò. Ojú ló ń tì mí. Ọ̀sán, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí títì bá dá, ni mo máa ń yọ́ jáde lọ yà á. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo kó àwòrán mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo tún ń yẹ̀ wọ́n wò lórí itan mi. Fẹ́ǹsì lọ, kò bá ẹnì kankan. Pákó lọ, kò bá ẹnì kankan. Mo dojú wọn dé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí òpópónà ilé-ìwé náà ní àkókò tí àwọn ọmọ ń wọlé. Wọ́n kun fẹ́ǹsì ilé-ìwé yẹn ní funfun lókè, búlúù nísàlẹ̀; ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé lọ gbọọrọ dé géètì. Mo lóṣòó. Ọmọbìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì náà lọ, báàgì rẹ̀ ń lu ìdí rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan ti wá sílẹ̀. Mo tẹ fóònù. Àfi bí ẹnì kan ṣe já a gbà lọ́wọ́ mi.

"Kí lẹ fẹ́ fi àwòrán ọmọ mi ṣe?"

Ìyá ọmọ náà ni. Mi ò tíì lè dìde tán. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ-ọmọ mi ni mo..."

"Èwo ni ọmọ-ọmọ yín níbẹ̀? Ẹ fi hàn mí!"

Mi ò ní èyí tí mo máa fi hàn án. Èèyàn ti ń pé jọ. Ẹnì kan ní wọ́n ń jí ọmọ gbé káàkiri, òmíràn ní àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń rán báyìí. Ìgbà yẹn ni bàbá tó ń ṣọ́ géètì já wọ àárín wọn.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Èmi mọ̀ wọ́n. Ìyá tó máa ń gbé báàgì ọmọ kọ́rùn nìyí, tọ́mọ á máa sáré níwájú. Òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o, wọn kì í pẹ́ dé." Ó yíjú sí mi. "Ìyá, ọmọ yín dà? Ó mà pẹ́ o."

Ẹkún gbọ̀n mí. Kì í ṣe ìtìjú ló pa mí lẹ́kún. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ, mi ò tíì pàdé ẹni tó rántí pé àwa méjì la máa ń rìn.

Mo ṣàlàyé ìwé náà fún wọn. Àwọn èèyàn tú ká. Ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ pa àwòrán ọmọ rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ìlú ló le." Ó ń wo fóònù náà, kò tíì dá a padà. "Ẹ ò ṣe lọ dúró sí géètì yẹn? Èmi á yà yín."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ń mú un lọ, àbí?"

Mo lọ dúró síbẹ̀. Mo pariwo fún un pé kó lóṣòó, kó jẹ́ kí ibi tí funfun ti pàdé búlúù bẹ̀rẹ̀ láti igun ìsàlẹ̀. Ó lóṣòó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán yẹn ni mo lẹ̀ mọ́ ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Ọmọ ìjọ wa kan tó ń rìnrìn àjò lọ sí Kánádà ló bá mi gbé ìwé náà lọ. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n pè mí lórí fídíò, mo sì ń wo ọmọ náà bó ṣe ń ṣí i, ó ti ga, eyín iwájú rẹ̀ ti hù.

"Gíránmà, ọ̀nà yẹn ò jìn! Mo rò pé ó jìn gan-an ni."

"Ẹsẹ̀ rẹ ló kúrú nígbà yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí i kíákíá ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Nígbà tó dé òpin, ó fi ìka kan mí níbi tí mo dúró sí. "Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan?"

"Àwọn yòókù ti wọ kíláàsì."

Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, ó ń wá nǹkan. "Ẹ̀rọ tó máa ń wúkọ́ ńkọ́?"

Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ń lẹ táyà ní oríta wa ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ pupa kan tó máa ń hó, tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra. Ọmọ náà máa ń dúró wò ó lójoojúmọ́, èmi á sì máa fà á lọ́wọ́ pé a ti pẹ́. Nínú gbogbo àwòrán tí mo yà, mi ò ya oríta yẹn rárá.

Mo jáde lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ ò sí, olówó rẹ̀ ò sí. Ilẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, obìnrin kan sì na agbòjò sórí ibẹ̀, ó ń ta káàdì fóònù. Ó ní ọkùnrin náà ti kó lọ sí Ìpájà.

Wọ́n ṣì ń sùn ní Kánádà, nítorí náà ohùn ni mo gbà sílẹ̀ fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ náà ti kó lọ sí Ìpájà o. Ṣùgbọ́n báyìí ló máa ń ṣe." Mo wá wúkọ́ sínú fóònù bí ẹ̀rọ náà, lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín títì.

Obìnrin abẹ́ agbòjò náà dìde. "Màmá, ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo fi ohùn náà ránṣẹ́, mo sì ń lọ sílé.