Àgúnmu Ọ̀jọ̀gbọ́n

Télọ̀ kan wà tó mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, àmọ́ tí àìsàn ọpọlọ ti bá fínra rí. Nígbà náà, ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́ ló ń bú u láti òwúrọ̀ di alẹ́. Oògùn ọsibítù ló pa ohùn náà lẹ́nu mọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì ń tọ́jú oògùn náà, tó ń fún un lò lálaalẹ́.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí ọkọ ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta àgúnmu. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó kàwé o, ẹnu ló ní, ẹnu sì dùn-ún ròfọ́.

"Ewé lásán ni," ló máa ń wí, "ewé kì í bá oògùn jà."

Ó ní kí ìyàwó òun máa po ṣíbí kan mọ́ tíì àbúrò rẹ̀. Télọ̀ mu ún. Ẹ̀gbọ́n tó dúró tì í nígbà tí gbogbo ayé ń sá, báwo ló ṣe máa kọ̀ fún un?

Kò pẹ́ tí màṣíìnì ìránṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó gba ọsibítù lọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń lò mọ́ oògùn, ó sì jẹ́wọ́.

"Ewé wà tó máa ń lé oògùn jáde lára kó tó ṣiṣẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ pa á tì!"

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ nílé, ó yọ ṣùtì. "Kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀? Àìsàn náà ló ń jáde. Oògùn ọsibítù gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ dá dúró."

Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Ohun tó dun télọ̀ jù ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, tíì nìkan ló gbé wá.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ṣòkòtò tó ya nídìí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ kì í ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ oníbàárà láìkọ́kọ́ tú àpò rẹ̀ wò. Páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru já bọ́, ti ọsibítù, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti lò ó dé ìdajì.

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn yín rèé. Ṣé ẹ máa ń fi àgúnmu yín lé e?"

"Èmi kẹ̀? Dókítà ní n kò gbọdọ̀ da nǹkan kan pọ̀ mọ́ ọn! Ṣé kí n kú ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé fúláàsì tíì dání. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó yíjú, ó da tíì náà sí gọ́tà.

"Àbúrò mi, má bínú. Lálẹ́ òní, oògùn rẹ nìkan."

Télọ̀ ká ṣòkòtò náà, ó nà án sí Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú ihò ìdí rẹ̀.

"Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ewé bò ó."