Dúróònù Tó Sọdá Odò

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá ti kúrò ní Iléṣà, tí mo dorí kọ ìlú wa. Lọ́jọ́ yẹn, dúróònù tí mo fi ń ya fídíò ìgbéyàwó l'Óṣogbo wà lórí itan mi, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló ránṣẹ́ pè mí. Àwa àti ìlú òdìkejì odò ń du ilẹ̀ kan tí wúrà wà nínú rẹ̀, ìjọba sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má wa á títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Kò sí ìjà mọ́. A ṣì ń fẹ́mọ lọ́wọ́ ara wa. Ọ̀hún ni àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, lọ́kọ sí.

Mo bi alága pé, "Ṣé a tún fẹ́ jà ni, sà?"

"Ta ló fẹ́ jà? Bá a bá jókòó níwájú ìjọba l'Óṣogbo, ẹni tó ní fọ́tò lọ́wọ́ ni wọ́n á gbọ́. Kí àwọn ará ọ̀hún sì mọ̀ pé à ń wo àwọn."

Mo gbé e fò lọ́sàn-án. Lójú fóònù mi, èrò pé sí ẹ̀yìnkùlé kan tó bá ilẹ̀ náà pààlà, àwọn ọkùnrin méjì ń kó erùpẹ̀ jáde nínú kòtò. Láti òkè, mi ò dá ilé náà mọ̀. Páànù tó ti dípẹtà ni gbogbo wọn. Alága pàtẹ́wọ́: "Wúrà nìyẹn! Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i!"

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo èrò gbójú sókè. Ìgbà náà ni mo rí àǹtí mi lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n dì wọ́n mú lápá méjèèjì, mo sì rí òkú tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Ọkọ wọn ni. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé ẹni tí wọ́n rán wá túfọ̀ fún wa láàárọ̀, àwọn ọdẹ wa ti dá a padà lórí afárá. Wọ́n ní amí ni.

Alága ní kò burú, pé ẹni tó bá wò ó l'Óṣogbo ò ní mọ sàréè yàtọ̀ sí kòtò wúrà. Mo pa fídíò náà rẹ́ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti rí wa. Kò pẹ́ tí dúróònù tiwọn náà fi ń fò lórí ilé wa. Títí dòní, kò sóbìnrin tó ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé láìkọ́kọ́ wòkè.

Nígbà tí mo lọ kí àǹtí mi kú ará fẹ́ra kù, mo dọ̀bálẹ̀, ìtìjú ò jẹ́ kí n dìde. Wọn ò bínú. Wọ́n gbé omi fún mi.

"Mo rí yín," ni wọ́n wí. "Ẹ wá sin àna yín. Ẹ ò kàn sọ̀kalẹ̀ ni."

Iṣẹ́ ìgbéyàwó ni mo ṣì ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí èrò bá ti gbójú sókè, tí wọ́n ń juwọ́ sí dúróònù mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.