Omi Ojú Létí Ìkòkò Ọṣẹ

Òórùn àdín gbígbóná ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án àná, kí n tó gbọ́ ohùn kankan. Mo jókòó ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Bantè, mo ń ṣa kajú tí wọ́n kó wá fún mi láti Lougba, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà kọjá lórí ògiri. Ó wúwo, ó dà bí ẹ̀pà tó ń jóná díẹ̀díẹ̀, ohun kan sì wà nídìí rẹ̀ tó ń ta imú bí ata. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń gbé ilé kejì ló ń se ọṣẹ ìfọṣọ.

Lẹ́yìn òórùn ni ohùn dé.

“Gbé ẹkún ẹ kúrò níbẹ̀ jàre! Ṣé o fẹ́ kí ọṣẹ kọ̀ fún wa ni?”

Òmíràn rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ọkọ ẹ ni kó o lọ sunkún fún. Ọṣẹ ò lè ṣìkẹ́ ẹ.”

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Òun ló kéré jù nínú wọn. Savalou ni wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò tíì pé oṣù méjì. Mo gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n, ìdajì ní èdè wa, ìdajì ní èdè Mahi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ́ kúrò nídìí iná. Kajú bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín nípa ọṣẹ. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, a kì í ra ṣódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ lóde òní. Inú eérú ni ọṣẹ wa ti ń wá, kì í sì í ṣe eérú gbogbo igi. Ìyá àgbà mi, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọṣẹ ni wọ́n fi gbó, kì í gba eérú igi tíìkì rárá. Wọ́n ní òkú eérú ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ ni ti ìdì ẹyìn tí a ti gbọn èso rẹ̀ kúrò, ti èèpo èso igi irú, àti ti pòpórò ọkà bàbà. A ó sun ún, a ó jọ̀ ọ́ bí ẹni jọ èlùbọ́, a ó sì dà á sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu ihò wẹ́wẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi tí a bá bù lé e lórí yóò máa kán sínú ìkòkò abẹ́ rẹ̀, tó, tó, tó, láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ohun tó bá kán sílẹ̀ pọ́n bí tíì tó pẹ́ lórí iná, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ìdí tó fi ń yọ̀ ni pé ó ti ń sọ òróró ara ọwọ́ ẹni di ọṣẹ. Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó mọ ìyẹn.

Ìyá àgbà kì í fojú lásán wọn omi eérú. Ẹyin tí adìyẹ yé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀. Bí ẹyin bá rì, omi náà kò lágbára, a ó tún un dà sórí eérú tuntun. Bó bá léfòó, tí orí rẹ̀ yọ síta ní ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, ó tó. Igbá mẹ́fà irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń bá garawa àdín kan ṣọ̀rẹ́.

Ìkòkò ọṣẹ sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. A kì í jà nídìí rẹ̀, a kì í sì í sunkún. Àwọn àgbà ní ọṣẹ ń gbọ́. Bó bá gbọ́ ẹkún, yóò rò pé òkú wà nílé, kò sì ní dì.

Ọmọ-ọmọ àbúrò ìyá àgbà ni Mẹ́mùná. Atokoligbé ni wọ́n ti mú un wá lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, kó lè máa bá mi lọ sí ilé-ìwé. Ojúgbà ni wá. Láàárín oṣù mẹ́ta ó ti ń ka Faransé jù mí lọ. Mẹ́tìrì tó ń kọ́ wa a máa ní kó dìde kàwé sétí gbogbo kíláàsì, èmi a sì máa wo ìka ẹsẹ̀ mi. Ó tún lè ru igbá omi tó kún dé etí láìfọwọ́ kàn án, kó máa rìn bí ìyàwó tuntun, kí ẹ̀kán omi kan má sì já bọ́. Mo lè dárí Faransé jì í. Ti igbá yẹn ni n kò lè dárí jì.

Ìléyá ọdún náà bọ́ sí àárín ọyẹ́. Gbogbo aṣọ funfun agboolé wa ló ń dúró de ọṣẹ. Láàárọ̀, ìyá àgbà fi ẹyin dán omi eérú wò, ó tó, wọ́n sì ní kí èmi àti Mẹ́mùná máa ru ú láti ẹ̀yìnkùlé wá sídìí iná. Mẹ́mùná ru tirẹ̀, ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi náà ju ọwọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni mo gbé. Igbá yí dànù lé ẹsẹ̀ òsì mi, ilẹ̀ ọyẹ́ sì ti fà á mu kí n tó rí ibi tó gbà. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó rí mi. Mo bu omi nínú àmù, mo fi ṣan ẹsẹ̀ mi, mo sì bu omi lásán kún igbá náà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lọ bí ọmọ gidi. Ìyá àgbà yìn mí.

Nígbà tí ìkòkò hó dáadáa, ó kan Mẹ́mùná láti ro ó. N kò mọ ohun tó ṣe é. Bóyá òórùn náà ni, nítorí ìyá tirẹ̀ náà a máa se ọṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́, kò sì jáwọ́ lára orógùn.

Títí di ìrọ̀lẹ́, ohun tó yẹ kó ti máa lẹ̀ mọ́ orógùn ṣì ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, àdín sì léfòó lọ́tọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó bínú jókòó.

“Ta ló sunkún nídìí rẹ̀?” Ìbéèrè tí ìyá àgbà bi wá nìyẹn. Wọn kò bèèrè ẹni tó da omi.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Tántì, nawọ́ sí i. “Ọmọ Atokoligbé yìí mà ni! Mo rí i, omi ojú ẹ̀ ń já bọ́ sínú ìkòkò bí òjò. Ṣebí mo ní kí ẹ má gba ọmọ tó ṣì ń ṣọ̀fọ̀? Ẹ wá wò ó!”

Mẹ́mùná wò wọ́n, ó wo inú ìkòkò, ó sì yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ kéré. “Ṣé omi ojú mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Ẹsẹ̀ òsì mi ń ta mí. Mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nítorí ọṣẹ náà; ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Ìléyá, ó wá fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Kò sí ilé-ìwé níbi tó ń lọ, nítorí náà ó fi kàyé rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, torí pé ojú ewé tí kò tíì kọ nǹkan sí ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo lò ó tán.

Èmi ni mo di tísà. Ní gbogbo ìsinmi, mo ń se ọṣẹ nínú ìkòkò kékeré, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: irú eérú, iye igbá, bí ẹyin ṣe léfòó sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Màdáàmù Eérú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo se é pẹ̀lú igbá márùn-ún omi eérú àti igbá kan omi lásán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ̀. Omi tí mo bù kún un kọ́ ló bà á jẹ́, nítorí omi yóò gbẹ lórí iná. Agbára eérú tí ilẹ̀ fà mu ni kò padà. Mo tún rí ohun kan tí ìbá sàn kí n má rí: ọṣẹ tó kọ̀ báyìí kò tíì kú. Bí a bá bu igbá omi eérú kan sí i, tí a sì dá a padà sórí iná, yóò dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi ni ìbá gbà.

Ọ̀nà Atokoligbé kò jìnnà, alùpùpù ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Títí mo fi fẹ̀yìn tì ni mo ń sọ pé ọ̀nà náà kò dára. Ọdún tó kọjá ni mo tó lọ, ọṣẹ eérú mẹ́fà nínú àpò mi. Obìnrin tó jáde sí mi jọ Mẹ́mùná ní iwájú orí. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní ìyá òun ti kú, òjò méjì sẹ́yìn.

Mo na ọṣẹ sí i. Kò tètè gbà á.

“Ìyá mi kì í sún mọ́ ibi tí wọ́n bá ti ń se ọṣẹ, mà. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn kò gbà á. N ò sì rí i kí wọ́n sunkún rí. Lọ́jọ́ tí bàbá wa kú, ọkọ́ ni wọ́n gbé, wọ́n gba oko lọ. Mo ní, ‘Ìyá, ẹ sunkún díẹ̀.’ Wọ́n ní ẹkún ń ba nǹkan jẹ́.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí igbá títí dé orí kàyé.

“Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà yẹn?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Ìyá mi náà ńkọ́?”

“Mẹ́sàn-án.”

Ó gba ọṣẹ náà, ó gbé e sórí ògiri. Ó fún mi lómi mu, ó sì bá mi pe alùpùpù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde lánàá. Eérú ti lọ. Ajere ìyá àgbà ti fọ́, adìyẹ ń yé sínú ààbọ̀ rẹ̀. Ṣódà inú ọ̀rá ni àwọn ọmọ ilé kejì ń lò, ọ̀kan nínú wọn sì ń wo fóònù kó lè mọ iye tí yóò dà sí i. Gbogbo rẹ̀ ló ti yí padà, àfi gbólóhùn kan yẹn, pé ẹkún ń ba ọṣẹ jẹ́, tí kò gbó.

Mo yí ògiri ká lọ bá wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kí wọ́n dá èyí tó ń sunkún padà sídìí ìkòkò.

“Màmá, ọṣẹ á kọ̀ o,” ẹlẹ́fóònù wí. “Bó bá kọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fọṣọ wa!”

“Mo gbà. Títí kan ti ọkọ rẹ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gba igi lọ́wọ́ wọn, mo fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, mo sì jókòó tì í. Ó ń ro ó, ó ń sunkún, kò nu ojú. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé ègé kan wá fún mi. Ó le, ó rí bí òrí tó dì, etí rẹ̀ mú níbi tí wọ́n ti fi okùn gé e. Mo fi fọ ìborùn mi, ó hó dáadáa. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ìbéèrè tí Mẹ́mùná bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, bóyá omi ojú òun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ nìyí, ó le, ó gbẹ, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé e lọ.