Òòlù Aládùúgbò Mi

Bí mo bá gbọ́ tí òòlù ń lu irin ní Festac yìí, aládùúgbò mi tó máa ń tún ìdí ọkọ̀ òkun ṣe lábẹ́ omi ni mo máa ń rántí.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó fi ń mí nínú omi gbó, ibi tó ń fi ẹnu sí ṣì dára. Orí idẹ tó ń jókòó lẹ́nu sílíńdà afẹ́fẹ́ nìkan ló fẹ́ pààrọ̀. Mo tẹ̀lé e lọ sí Alákijà, níbi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe ń dán!" ni ọlọ́jà wí.

Kò wo dídán rárá. Ó so ó mọ́ sílíńdà, ó ṣí afẹ́fẹ́ sí i, ó tẹjú mọ́ géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Ọwọ́ géèjì kò dúró, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀: orí náà kò lè káwọ́ afẹ́fẹ́. Ló bá gbá ọlọ́jà létí, ó fún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ ọn lọ́fun.

"Ta lo fẹ́ pa? Irú èyí ló pa àbúrò mi!"

Síbẹ̀ ó rà á, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi òòlù rún un wómúwómú. Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo èyí tí kò dára nìyẹn. Á ní, "Kò ní í dé ẹnu ẹlòmíì." Á wá kó àfọ́kù rẹ̀ lọ sílé.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, a bá àpò àwọn àfọ́kù náà lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò fọ́. Wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i lára.

Ọmọbìnrin rẹ̀ sọ fún mi pé, "Bàbá, ọlọ́jà kan ti ń bèèrè èyí tí kò fọ́ yìí o."

Mo ní kó lọ gbé òòlù bàbá rẹ̀ wá.